Ẹni Tó Ṣe Ipò Kẹrin: Bí Chris Daughtry Ṣe Di Gbajúmọ̀ Olórin Rọ́ọ̀kì

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, mo kí yín o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, mo kí yín pẹ̀lú. Ẹ̀yin olórin, ẹ̀yin onílù, ẹ̀yin tí ẹ ń ta gìtá, àti ẹ̀yin tó jẹ́ pé etí ìgbọ́ nìkan lẹ gbé wá, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àfaradà. Ọ̀rọ̀ olórin kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n wá sọ lónìí. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, a óò rí i pé ó kan gbogbo ẹni tó ń dúró kí ẹnìkan ṣílẹ̀kùn fún òun.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan ná. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2006, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 36 ló jókòó ti tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà láti mọ ẹni tí yóò gbégbá orókè nínú American Idol, ìdíje orin kíkọ tí àwọn òǹwòran ti ń dìbò. Ìbò tí wọ́n kà lé ní mílíọ̀nù 63. Taylor Hicks ló borí. Katharine McPhee ṣe ìkejì, Elliott Yamin ṣe ìkẹta. Ó dáa. Nínú gbogbo àwọn tó kópa lọ́dún yẹn, àwo orin ta ló wá tà jù?

Mo ń gbọ́ "Hicks" níbí. Mo ń gbọ́ "McPhee" lọ́hùn-ún. Rárá o. Ẹni tí wọ́n ti ní kó máa lọ sílé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àṣekágbá ni. Ẹni tó ṣe ipò kẹrin ni. Chris Daughtry lórúkọ rẹ̀, òun sì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Àwọn kan máa ń sọ pé tẹlifíṣọ̀n ló sọ ọ́ di èèyàn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n fún un ní èrò tí yóò gbọ́ ọ, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé débẹ̀, àti ohun tó ṣe nígbà tí wọ́n lé e kúrò níbẹ̀, àwọn méjèèjì yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò.

Kí ó tó di pé ayé mọ̀ ọ́n

Ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1979 ni wọ́n bí i ní Roanoke Rapids, ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Lasker ló ti dàgbà, kí àwọn òbí rẹ̀ tó kó lọ sí Palmyra ní ìpínlẹ̀ Virginia nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 14. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó gbájú mọ́ orin kíkọ, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kọrin níwájú èrò péréte. Lọ́dún 2000 ó fẹ́ ìyàwó, Deanna, ẹni tó ti ní ọmọ méjì. Nítorí náà, ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 21 di ọkọ, ó sì di bàbá ọmọ méjì lọ́jọ́ kan náà. Gìtá nìkan kò lè bọ́ ilé bẹ́ẹ̀ yẹn.

Kí ló wá ṣe? Ó wáṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, tí wọ́n sì ń tún un ṣe, ní North Carolina ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun kọ́ ni mẹkáníìkì. Òun lẹni tí oníbàárà kọ́kọ́ máa ń bá lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ bá mi fojú inú wò ó: ẹnìkan gbé ọkọ̀ wọlé, ó ní bí òun bá ti tẹ bíréèkì, ọkọ̀ òun á máa han. Ọ̀gbẹ́ni yìí á gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀, á gbé ìwé lọ fún àwọn mẹkáníìkì. Lẹ́yìn náà á padà wá ṣàlàyé iye tí àtúnṣe máa ná ẹni tí kò fẹ́ san kọ́bọ̀, á sì fi sùúrù ṣe é, torí pé iṣẹ́ tó ń bọ́ ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá ṣíwọ́ iṣẹ́, á gbé gìtá, á lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Absent Element.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ohùn líle tí ayé gbọ́ lọ́dún 2006 yẹn, ṣé orí tẹlifíṣọ̀n ló ti kọ́ ọ? Ọdún mẹ́wàá ló ti ń lo ohùn náà kí kámẹ́rà kankan tó kọjú sí i. Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ló ń bá àgbà jẹun. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ tipẹ́ kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀.

Èyí tó tún yẹ ká mọ̀ ni pé ìdíje yìí kọ́ ni àkọ́kọ́ tó gbìyànjú. Lọ́dún 2005, ètò tẹlifíṣọ̀n mìíràn wáyé tí wọ́n pè ní Rock Star: INXS. Ẹgbẹ́ INXS láti Australia ló ń wá ẹni tí yóò dípò Michael Hutchence, akọrin wọn tó kú lọ́dún 1997. Ètò olórin rọ́ọ̀kì pọ́ńbélé ni. Daughtry lọ síbẹ̀ láti dán ara rẹ̀ wò. Wọn kò mú un. J.D. Fortune láti Kánádà ló borí níbẹ̀. Ẹ rí i pé ilé àwọn olórin rọ́ọ̀kì gan-an kò gba ọmọ rọ́ọ̀kì, ó wá di dandan kó lọ kan ilẹ̀kùn ilé àwọn olórin pọ́ọ̀pù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìyàwó rẹ̀ ló ń rọ̀ ọ́ pé kó gbìyànjú American Idol.

Ilẹ̀kùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣí

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí àwọn èèyàn kì í sábà sọ ọ́. Nígbà tí American Idol bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2002, ẹni tó bá ti ju ọmọ ọdún 24 lọ kò lè díje. Ọdún 2005, nígbà ìdíje ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ni wọ́n sún un dé 28. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Nígbà tí Daughtry dúró níwájú àwọn adájọ́ ní ìlú Denver lọ́dún 2005, ó ti pé ọmọ ọdún 25. Bí wọn kò bá yí òfin yẹn padà, ìtàn tí mo ń sọ yìí kò ní sí. Kò sí ẹ̀bùn, kò sí iṣẹ́ àṣekára tó lè mú un wọlé.

Òfin tuntun yẹn náà ló jẹ́ kí Bo Bice àti Constantine Maroulis rí àyè wọlé lọ́dún 2005. Àwọn méjèèjì ti jẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. Bice ṣe ipò kejì sí Carrie Underwood. Àwọn ló kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn òǹwòran mọ̀ pé olórin rọ́ọ̀kì lè dúró lórí ìtàgé yẹn kí wọ́n sì dìbò fún un. Nígbà tí Daughtry ń bọ̀, ẹnìkan ti ṣán ọ̀nà náà sílẹ̀ dè é.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Denver. Adájọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Randy Jackson, Paula Abdul àti Simon Cowell. Ó kọ orin àtijọ́ kan tí ẹgbẹ́ Box Tops kọ lọ́dún 1967. Paula ní bẹ́ẹ̀ ni. Randy ní bẹ́ẹ̀ ni. Simon, ẹni tí ẹnu rẹ̀ le jù nínú wọn, ní rárá. Ìbò méjì nínú mẹ́ta ti tó láti ré kọjá, bó ṣe kọjá nìyẹn. Tí ẹnìkan péré nínú àwọn méjì yòókù bá ti tẹ̀lé Simon, Daughtry ì bá ti padà sí ìdí tábìlì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ṣé Simon kò gbọ́ orin ni? Ó gbọ́ o. Nígbà tí ìdíje ń lọ, òun náà yìn ín léraléra. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, Daughtry kò sì wo ẹnu Simon.

Olórin rọ́ọ̀kì nínú ilé pọ́ọ̀pù

Báwo ni ìdíje yẹn ṣe rí lójú olórin rọ́ọ̀kì? Ó nira. Lọ́sẹ̀ yìí wọ́n á ní kí gbogbo wọn kọ orin Stevie Wonder. Lọ́sẹ̀ mìíràn, Kenny Rogers á dé, orin kọ́ńtírì ni wọn yóò kọ. Ó kan orin Queen, ìyẹn bá a lára mu. Lẹ́yìn náà Rod Stewart wá, ó di orin àwọn bàbá àtijọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn ni Daughtry fi ohùn tó le bẹ́ẹ̀ kọ orin Louis Armstrong jẹ́jẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rí i pé kì í ṣe ariwo nìkan ló mọ̀.

Gbogbo èyí, kò sí gìtá lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ọdún 2008 ni wọ́n tó gbà kí olùdíje máa ta ohun èlò orin lórí ìtàgé. Ẹni tí gìtá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti kékeré wá dúró pẹ̀lú gbohùngbohùn nìkan, àwọn onílù ètò náà ló ń bá a lù ú.

Báwo ló ṣe wá fi ara rẹ̀ hàn? Orin tó yàn ni. Níbi tí òfin bá ti fi àyè sílẹ̀, á lọ mú orin ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì: Bon Jovi, Fuel, Creed. Orin Stevie Wonder tí wọ́n fún un, bí àwọn Red Hot Chili Peppers ṣe tún un kọ ló ṣe kọ ọ́. Ohun kan wà níbí tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Nígbà tó kọ orin Johnny Cash kan, ó kọ ọ́ ní ọ̀nà tó ṣàjèjì, àwọn adájọ́ sì kan sáárá sí i pé ó sọ orin olórin di tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ Live ló ti tún orin náà tò bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ kò dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì ja ràn-ìn. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí wọ́n ti dárúkọ Live kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́, orúkọ rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fi pe iṣẹ́ náà, àwa tí à ń kọrin ló sì yẹ kó kọ́kọ́ mọ ìyẹn.

Alẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún

Ó ku àwọn mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ Elvis Presley ni, wọ́n tiẹ̀ ti kó wọn dé Graceland, ilé Elvis ní Memphis. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ka èsì, àwọn méjì ló kù sórí ìdúró: Chris Daughtry àti Katharine McPhee. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbà pé Katharine ló ń lọ. Ryan Seacrest tó ń darí ètò ṣí ẹnu, orúkọ Chris ló pè.

Gbọ̀ngàn náà dàrú. Ẹnu ya Daughtry fúnra rẹ̀, ó hàn lójú rẹ̀ gbangba. Katharine tí wọ́n dá sí gan-an la ẹnu sílẹ̀, kò gbàgbọ́. Ìyàwó Daughtry wà láàárín èrò.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ wo bí ìdìbò náà ṣe rí. Kò sẹ́ni tó ń dìbò lòdì sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí o fẹ́ lò ń pè fún, o sì lè pè lẹ́ẹ̀kan, o sì lè pè títí ọwọ́ á fi ro ọ́. Nínú irú ìdìbò bẹ́ẹ̀, ẹni tí gbogbo ayé ti gbà pé kò ní ṣubú ló wà nínú ewu jù. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ á ní àwọn yòókù á pè. Olólùfẹ́ ẹni tó wà nínú ewu kò ní sùn, á máa tẹ fóònù ni. Bí mo ṣe rí i nìyẹn, n kò sì tíì gbọ́ àlàyé tó dára ju èyí lọ.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọkùnrin yìí rí.

Oṣù mẹ́fà tó yí gbogbo rẹ̀ padà

Ẹgbẹ́ Fuel, tí Daughtry ti kọ orin wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, kò ní akọrin nígbà yẹn. Brett Scallions ti fi wọ́n sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé wọ́n ti já Daughtry kúrò, wọ́n pè é ní gbangba pé kó wá di akọrin àwọn.

Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi ara yín sípò rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, o lọ bẹ INXS pé kí wọ́n mú ọ, wọn kò mú ọ. Ní báyìí, ẹgbẹ́ tí ayé mọ̀, tí orin wọn ti wà lórí rédíò, ló ń bẹ̀ ọ́. Ilé wà tí ò ń tọ́jú. Iṣẹ́ ọkọ̀ ń dúró dè ọ́. Ta ni yóò kọ̀ nínú wa? Ẹ sọ òtítọ́ fún ara yín.

Daughtry kọ̀ ọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní rárá. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni. Rẹ́gí lohun ẹni ń bá ni mu. Lójú tèmi, ìpinnu yẹn ló gbé e ga ju gbogbo orin tó kọ lórí American Idol lọ. Bó bá wọ inú Fuel, orin tí ẹlòmíràn ti kọ ni yóò máa kọ ní alẹ́ ojoojúmọ́, àwọn èèyàn á sì máa fi ohùn rẹ̀ wé ti Scallions. Ó fẹ́ kọ orin tirẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún yẹn, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú RCA, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo orin jáde. Clive Davis ló wà nídìí iṣẹ́ náà, ẹni tó ti bá Janis Joplin, Bruce Springsteen àti Whitney Houston ṣiṣẹ́ ṣáájú. Howard Benson ló darí gbígba orin sílẹ̀. Lásìkò kan náà, Daughtry ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìdíje rìn káàkiri Amẹ́ríkà fún àwọn òde orin American Idol. Kò sí ìsinmi. Kò sì jẹ́ kó pẹ́ títí àwọn èèyàn á fi gbàgbé rẹ̀.

Ohun tó tún ṣe nìyí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀: kò jáde bí olórin anìkankọrin. Ó kó ẹgbẹ́ jọ. Josh Steely àti Jeremy Brady lórí gìtá, Josh Paul lórí gìtá bééṣì, Joey Barnes lórí ìlù. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ni wọ́n fi pe ẹgbẹ́ náà, Daughtry. Orúkọ kan náà ni wọ́n fún àwo àkọ́kọ́.

Àwo náà jáde ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 2006. Láti alẹ́ tí wọ́n lé e lọ sílé títí di ọjọ́ yẹn, oṣù mẹ́fà àti díẹ̀ ni. Ẹ̀dà 304,000 ló tà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì wọ ipò kejì lórí àtẹ Billboard, èyí tó ń to àwọn àwo tó tà jù ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òwò orin mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni àwo ẹni tó ti orí tẹlifíṣọ̀n bọ̀ sábà máa ń tà jù. Lẹ́yìn náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wálẹ̀, torí àwọn tó dìbò ti rà á tán. Tirẹ̀ kò rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, nínú oṣù Kìíní ọdún 2007, ló gun ipò kìíní.

Kí ni ìyẹn ń sọ fún wa? Ó ń sọ pé àwọn tí kò wo American Idol rí ti ń ra àwo náà. Rédíò ló mú un dé ọ̀dọ̀ wọn. Orin àkọ́kọ́, It's Not Over, dé ipò kẹrin lórí Hot 100, àtẹ Billboard fún orin kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ mọ ẹni tó wà lára àwọn tó bá a kọ orin náà? Ace Young, tí wọ́n jọ díje lọ́dún kan náà, tí wọ́n ti já kúrò kí wọ́n tó já òun náà. Àwọn méjì tí ìbò kò gbè ló pa orin tó tó bẹ́ẹ̀ pọ̀. Nígbà tí ọdún 2007 parí, àwo Daughtry ni Billboard kà sí àkọ́kọ́ nínú gbogbo àwo ọdún náà. Wọ́n yàn án fún àmì-ẹ̀yẹ Grammy mẹ́rin.

Lọ́dún 2007 náà, American Idol wá ń lo orin rẹ̀, Home, tó jẹ́ pé òun nìkan ló kọ ọ́, láti fi dágbére fún àwọn olùdíje tí wọ́n bá já kúrò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ètò tó ní kó máa lọ sílé ló ń san owó orin fún un.

Ẹ má ṣe tìtorí èyí fojú tẹ́ńbẹ́lú Taylor Hicks o. Mo rí àwọn kan tó ń rẹ́rìn-ín. Àwo rẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, òun náà wọ ipò kejì, ó tà tó 298,000 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ kò tó nǹkan níbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí Daughtry gbé àwo kejì jáde ní oṣù Keje ọdún 2009, tààrà ló lọ sí ipò kìíní.

Àwọn tó tẹ̀lé e

Mi ò ní pẹ́ níbí. Lọ́dún 2008, David Cook bá àbúrò rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ohùn wò ní Omaha. Àbúrò ló fẹ́ díje, ẹ̀gbọ́n ló wá borí. Ọdún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gbà kí wọ́n gbé gìtá, ó sì lò ó dáadáa. Ìbò tó lé ní mílíọ̀nù 97 ni wọ́n dì, òun ló ní ìpín 56 nínú ọgọ́rùn-ún.

Lọ́dún 2009, Adam Lambert ṣe ipò kejì sí Kris Allen. Lálẹ́ àṣekágbá, Brian May àti Roger Taylor ti ẹgbẹ́ Queen wá bá àwọn méjèèjì kọrin. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ̀. Ó bá Queen kọrin ní Belfast lọ́dún 2011, ó bá wọn kọrin ní Kyiv lọ́dún 2012, wọ́n sì ń bá a lọ láti ìgbà náà.

Ẹnìkan á ní, "Alàgbà, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹni. Lambert ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ wọn sára pátákó: Queen + Adam Lambert. Kò rọ́pò Freddie Mercury, akọrin Queen tó ti kú, kò sì sọ pé òun fẹ́ rọ́pò rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Ohun tí Daughtry wá lọ sí ilé tirẹ̀, Lambert rí i gbà nílé àwọn àgbà, torí àdéhùn tí wọ́n ṣe fi àyè sílẹ̀ fún un.

Mo ti rí i pé ọwọ́ mẹ́ta ti wà lókè lápá ọ̀tún, ọ̀kan sì wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé gbohùngbohùn fún màmá tó wọ aṣọ búlúù yẹn ná. Àwọn ló kọ́kọ́ na ọwọ́.